Ìńtírodọ́ṣọ̀n Ìbùkún àti Bọ́nì

Àgọ́ Aláyé,
Lẹ́bàá Odígbó.

Tẹjú ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí iṣẹ́, mo kí òòrùn Èkó tí wọ́n ní kì í ṣàánú ẹnikẹ́ni. Ọlọ́run tí a ń pè lórí òkè kò ní jẹ́ kí o ṣe àṣedànù níbẹ̀. Ara ìyá rẹ le, ara tèmi náà le, àfi orúnkún tó máa ń ké bí mo bá ń gòkè lọ sí oko kòkó. Kòkó so dáadáa lọ́dún yìí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ kòkó ni mo fi mú bírò lónìí. Iṣẹ́ tí o rán mi ni mo fẹ́ jábọ̀ rẹ̀ fún ọ, nítorí mo ṣe é débi tí gbogbo Àgọ́ Aláyé fi ń kí mi kú oríire.

Dírẹ́bà gbé páálí tí o fi rán an dé gáréèjì Òrè láyọ̀, èmi fúnra mi ni mo lọ gbà á, mo sì gbé e lé itan lórí ọ̀kadà títí a fi délé. Nígbà tí a ṣí i, ehoro funfun báláú ló jókòó síbẹ̀ tó ń wò wá. Ìyá rẹ wá tẹ fóònù kí a gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́. Tẹjú, n kò tọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Mo ń dáhùn, o ò dákẹ́. Mo ní kí o sinmi kí n bi ọ́ léèrè, ńṣe ni o ń bá ọ̀rọ̀ tìrẹ lọ. Síbẹ̀ mo gbọ́ ohun tó yẹ kí n gbọ́. O ní Bọ́nì lorúkọ rẹ̀, o ní ti Fàwáz ni, ọ̀rẹ́ rẹ níbi iṣẹ́, tí onílé rẹ̀ kò fẹ́ ẹran nínú ọgbà. O ní kí a má kàn kó o pọ̀ mọ́ Ìbùkún, ehoro tí ìwọ fi sílẹ̀ fún wa, pé kí a kọ́kọ́ ṣe ìńtírodọ́ṣọ̀n fún wọn.

Ọmọ mi, ọgbọ́n rẹ yà mí lẹ́nu. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀ á di odidi. Ta ni kò mọ ìńtírodọ́ṣọ̀n? Mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ ni, kí ẹbí ọkọ ó rí ẹbí ìyàwó. Ojú ń tì ọ́ láti sọ ọ́ ní gbangba, o wá fi ehoro ọmọkùnrin náà ṣe àrokò sí wa. O ní ọ̀rẹ́ lásán ni. Èmi náà ti ṣe ọ̀dọ́ rí. Ìyá rẹ ní òun rò pé ehoro ni o wí, ehoro náà ni o sì ní lọ́kàn, mo ní kó fi mí sílẹ̀, pé kò gbọ́ àrokò.

Láti ìgbà náà ni oorun kò ti kùn mí mọ́, nítorí mo mọ̀ pé bí àwọn méjèèjì bá kọ ara wọn, ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó rẹ bàjẹ́ nìyẹn, ọwọ́ mi ló sì bàjẹ́ sí. Ọjọ́ àkọ́kọ́ kò dára. N kò lè fi àlejò sílẹ̀ níta, mo bá gbé Bọ́nì wọlé Ìbùkún. Há! Ìbùkún tí a kì í gbọ́ ohùn rẹ̀! Ó fò mọ́ ọn, ó já irun rẹ̀, ó bù ú jẹ ní etí. Mo sáré gbé àlejò jáde, mo sì bẹ̀ ẹ́ títí pé kó má jẹ́ kí Fàwáz gbọ́.

Ìgbà náà ni mo rántí pé o ní ibi tí kì í ṣe ti èyíkéyìí nínú wọn ni kí wọ́n ti pàdé. Mo ní kí a lo gbọ̀ngàn ìjọ, ìyá rẹ ní ilé ẹbí ìyàwó ni ìyẹn náà, Mùsùlùmí ni Fàwáz. A wá gba abẹ́ àtíbàbà tí gbogbo ìlú ti ń fún epo. Nítorí pé ọkọ kì í dá wá tọrọ ìyàwó, mo bẹ Àmínù tó ń bá wa ṣe oko kòkó kó jókòó níhà ọkọ. Ó wọ jàlámíà tó fi ń kírun ọdún, ó sì gbé orógbó wá. Bàbá Aládúrà ìjọ wa fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó bi mí pé irú orúkọ wo ni Fàwáz. Mo ní orúkọ àna mi ni.

O ní kí a pààrọ̀ koríko tí wọ́n ń sùn lé kí wọ́n lè máa gbóòórùn ara wọn. A ti ṣe é, àwa ka ìyẹn sí ẹrù ìyàwó. Wọ́n kọ́kọ́ kẹ̀yìn síra wọn. Àmínù kí ẹbí ìyàwó, mo kí ẹbí ọkọ, àwọn méjèèjì kò dá sí wa. Ìyá rẹ wá ju ewé ọ̀dùnkún kan sáàárín. Bọ́nì mú ìdí rẹ̀, Ìbùkún mú orí rẹ̀, wọ́n ń jẹ ẹ́ bọ̀ títí ẹnu wọn fi pàdé. Mo ti nawọ́ láti là wọ́n. Ìbùkún wá tẹrí balẹ̀ bí ọmọ tí a kọ́ nílé, Bọ́nì sì ń lá a níwájú orí. Àwọn tiwa kígbe Halelúyà, Àmínù kígbe Alihamudulilahi, omi bọ́ lójú mi, n kò sì nù ún. Inú mi dùn, Tẹjú. Orí mi wú. N kò tíì rí bàbá ìyàwó tó ṣe é tó báyìí ní gbogbo agbègbè Odígbó.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù. Lọ́sẹ̀ yìí, lẹ́yìn oṣù kan tí wọ́n ti jọ ń gbé, Ìbùkún bẹ̀rẹ̀ sí í fa irun àyà ara rẹ̀ tu, ó ń kó o jọ mọ́ koríko sí igun ilé. Mo rò pé àìsàn ni, mo ti fẹ́ gbààwẹ̀ fún un, kí Àmínù tó wò ó, tó rẹ́rìn-ín, tó ní ibùsùn ọmọ ló ń tẹ́. Tẹjú! Ìńtírodọ́ṣọ̀n nìkan ni a ṣe! A kò tíì dá ọjọ́ ìdána! N kò bá ọ wí o, ṣùgbọ́n àwọn tí ẹ rán níṣẹ́ ti ń ya yín sílẹ̀ lọ.

Jọ̀wọ́ fi owó ránṣẹ́. Káfíńtà ní pákó àti nẹ́ẹ̀tì lòun yóò fi mú ilé wọn gbòòrò, kí o sì fi díẹ̀ lé e kí n fi kun pálọ̀ ní ọ̀dà. Má fi í sínú fóònù o, mo ti tú ẹ̀yìn rẹ̀ wò rí, bátìrì nìkan ló wà níbẹ̀. Fún dírẹ́bà.

Olúwa á ṣọ́ àlọ rẹ, á ṣọ́ àbọ̀ rẹ, ilé ọkọ tí ò ń lọ á tù ọ́ lára. Sọ fún Fàwáz pé nílẹ̀ wa, ẹbí bàbá ló ń sọ ọmọ lórúkọ. Àmínù ní òun kò lè dá a ṣe. Kó tètè máa bọ̀, kó má bẹ̀rù mi, ìjókòó rẹ̀ ti wà nílẹ̀.

Èmi ni bàbá rẹ,
Zachariah Akínṣọlá,
àna Fàwáz.