Iṣu Ìdána Mi Tó Jóná Nínú Ebè

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé o, ẹ sì kú ojú lọ́nà òjò. Mo kí Ìyá mi, mo kí Ìyá Àgbà, mo kí ẹ̀gbọ́n yín, Ìyá Gàníyù, àti gbogbo àwọn àbúrò mi. Mo mọ̀ pé Tíṣà máa ń ka ìwé ìròyìn sétí gbogbo ará ìlú wa, Ìràwọ̀, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí wọ́n tẹ lẹ́tà yìí síbẹ̀. Gbogbo ẹni tó sọ̀rọ̀ yín ni mo fẹ́ kó gbọ́ tèmi.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ayọ̀ mi. Bàbá, ilé ọkọ dùn! Yàrá kan péré ni a ń gbé ní Kàdúná, ṣùgbọ́n ọkọ mi ti kùn ún ní ọ̀dà aláwọ̀ ewé, ó ti ra rédíò, ó sì ti ra ìkòkò tuntun mẹ́ta tí n kò tíì rí ohun tí màá fi ìkẹta sè. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, láti ẹnu ọ̀nà ló ti ń pariwo ìyàwó, ìyàwó, débi pé àwọn Haúsá àdúgbò rò pé orúkọ mi nìyẹn. Ìwé girama tí ẹ fi owó iṣu rán mi lọ ló jẹ́ kí wọ́n gbà mí sí ilé iṣẹ́ aṣọ tí òun náà wà. Ọyẹ́ ibí máa ń bẹ ènìyàn létè, mo sì lè lo ọ̀sẹ̀ kan láìgbọ́ ohùn ará ilé, síbẹ̀ inú mi ń dùn ṣáá ni, títí Àńtí Síkírá, aláṣọ ìlú wa, fi wá ra aṣọ tí yóò lọ tà ní Ṣakí.

Mo bi í léèrè yín. Ó ní òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, ẹ dúpẹ́, ẹ kọ ebè, òjò kò sì padà wá mọ́. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé bí igi igbá tí a ń fi èso rẹ̀ ṣe irú bá ti tanná, òjò kò ní pẹ́ dé. Ó ní ó ti tó ọdún mẹ́ta tí igbá ti ń tanná lásán. Èbù yín ti jóná lọ́dún tó kọjá, ìyẹn ni ẹ ṣe kó ogójì iṣu tí àwọn àna yín gbé wá fún ìdána mi, tó yẹ kí ẹ pín fún ẹbí, ẹ gé e ní èbù, ẹ sì gbìn ín. Nígbà tí ẹ wú ebè wò, inú iṣu náà ti gbẹ bí eérú. Ìyá Gàníyù ní ẹni tó gbin iṣu ìdána ọmọ rẹ̀, bó bá dọ̀la, yóò fi ọmọ náà ṣe ajílẹ̀.

Iṣu sì wọ́n bí ojú ní Kàdúná. Ẹni tó ń gbìn ín kò rí i tà.

N kò sunkún. Àńtí ń wo ojú mi, ó ń retí ẹkún. Mo kàn dìde, mo bu omi fún un, mo padà jókòó. Ọkọ mi bèèrè bóyá ọ̀rọ̀ iṣu náà ló dùn mí. Mo ní rárá.

Ohun tí Àńtí sọ gbẹ̀yìn ni. Ó ní ẹ sọ lójúde mọ́ṣáláṣí pé ẹ ti fi ọkọ́ há àjà, pé geeti ni ẹ ń bọ̀ wá ṣọ́ ní Kàdúná. Bàbá Ràfíù ní kí ẹ rántí mú ọkọ́ náà dání, kí ẹ máa fi kọ ebè sẹ́nu geeti. Ẹ ní bí ọ̀gá ibẹ̀ bá ti lè sanwó rẹ̀, ẹ óò kọ ọ́. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹ̀yin náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yín yẹn ni n kò mọ ibi tí màá gbé e sí. Láti ìgbà náà, bí ọkọ mi bá ń pè mí láti ẹnu ọ̀nà, mo máa ń dáhùn, mo máa ń rẹ́rìn-ín, ara mi kàn dákẹ́ ni.

Ọkọ mi ti bá yín bẹ ọ̀gá wa níbi iṣẹ́. Àyè wà. Aṣọ kakí ni wọn yóò rán fún yín, wọn yóò fún yín ní tọ́ọ̀ṣì. Òjò rọ̀ o, òjò kò rọ̀ o, wọn yóò sanwó níparí oṣù. Wọ́n ní àwọn yóò fi àyè náà sílẹ̀ dè yín títí oṣù yìí yóò fi parí.

Ẹ̀yin ẹbí mi, èmi tí wọ́n fi iṣu náà fẹ́ ni mo ń sọ̀rọ̀. Kò dùn mí. Inú mi ìbá dùn tó bá hù. Ìyá Gàníyù, mo mọ̀ pé èbù ṣì wà nínú àká yín. Ẹ dákun, ẹ yá Bàbá mi.

Bàbá, bí òjò bá rọ̀, tí ẹnikẹ́ni sì yá yín ní èbù, ẹ má wá. Geeti kò ní ṣàìrí ẹlòmíràn.

Kí Ọlọ́run fún yín ní ẹ̀mí gígùn àti òjò tí kì í tanni jẹ. Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, tàgbà tèwe.

Èmi ni ọmọ yín,
Múníráátù