Iyùn Tí Mo Kọ̀ Láti Pè Ní Òkú

Ilé-Iṣẹ́ Ìwádìí Òkun,
Yàrá Kẹrin, Òkè Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì,
Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kẹta.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú wàhálà àwọn aláìsàn. Ṣé bàbá àwọn ọmọ wà dáadáa? Ṣé ẹsẹ̀ Màmá ti fúyẹ́ díẹ̀? Ara tèmi le, àmọ́ inú ń bí mi láti ọjọ́ Ajé, kò sì tíì rọ̀.

Ṣé ẹ rántí àwọn iyùn abẹ́ òkun tí à ń kà lọ́dọọdún? Ẹranko ni wọ́n, bí wọ́n tiẹ̀ jọ òkúta. Lọ́dún yìí omi gbóná jù, ni wọ́n bá funfun báláú. Mo rì lọ bá wọn, mo fi ìka ti omi sí wọn lára, ọwọ́ wọn tín-ín-tín sì fà sẹ́yìn. Àìsàn ló ń ṣe wọ́n. Bí omi bá tutù, ara wọn lè padà bọ̀ sípò.

Ọ̀gá wa ò fẹ́ gbọ́. Àwọn kan fẹ́ wa yanrìn níbẹ̀, òfin sì ní wọn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ibi tí iyùn bá wà láàyè. Ojú ìlà méjì péré ló wà nínú fọ́ọ̀mù wa: "Ààyè" àti "Òkú". Ó ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì, ó ní, "Èyí tó bá ti funfun, òkú ni. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí o fọwọ́ sí i." Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ṣé ẹni tí ibà ń ṣe lẹ máa ń fi aṣọ bò lójú?

Mo mú rúlà, mo fa ojú ìlà kẹta níṣojú rẹ̀, mo kọ "Aláìsàn" sórí rẹ̀, mo sì kọ iye wọn sábẹ́ rẹ̀: igba ó lé mọ́kànlá. Mo fọwọ́ sí i. Ẹ má sọ fún Màmá o. Nígbà tí mo jáde, awakọ̀ ojú omi wa, àgbàlagbà tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, gba bírò, ó fọwọ́ sí i bí ẹlẹ́rìí. Ó ní òótọ́ kì í ṣìnà.

Wọ́n ti gba àgbá afẹ́fẹ́ tí mo fi ń rì sómi, wọ́n ní kí n lọ jókòó sílé. Èmi náà ti gbé ẹ̀dà fọ́ọ̀mù lọ fún àwọn tó ń fúnni ní ìwé àṣẹ wíwa yanrìn. Ẹ má bá mi bẹ ọ̀gá o, mo mọ̀ yín. Bí wọ́n bá lé mi, kí wọ́n lé mi.

Ẹ bá mi kí àwọn ọmọ, kí ẹ sì sọ fún èyí àbíkẹ́yìn pé ìkarawun òkun tí mo ṣèlérí fún un ń bọ̀.

Láàárọ̀ yìí mo wọ omi láti etíkun láìní àgbá, mo séèémí. Mẹ́rìnlá ni mo rí kà. Wọ́n ṣì wà láàyè, mo sì ti kọ ọ́ sílẹ̀.

Èmi ni tiyín, tí kò ní yí ohùn padà,
Àbúrò yín, Olóríkunkun.