Iwájú Ọkọ̀ Bàbá Wa

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi. Ẹ kú ìdí iná, ẹ kú eéfín ẹja. Mo dọ̀bálẹ̀ kí Bàbá. Mo kí àwọn ìyàwó ilé àti gbogbo ará Ajídò tó bá ń bèèrè mi. Àbúrò mi Mautin, tó ń ka ìwé yìí sí yín létí, mo kí òun náà, ṣùgbọ́n kó má fo ibì kankan o, torí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà nínú rẹ̀.

Mo ti dé Dùbáì, ara mi sì le. Ilé ìtura kan ni mo ti ń nu gíláàsì. Oòrùn ibí kì í ṣe ẹgbẹ́ tiwa. Bí èèyàn bá jáde lọ́sàn-án, àfi bí ẹni dojú kọ ààrò yín. Owó á máa wá lóṣooṣù, ẹ má mikàn.

Ìyá mi, ìlú yìí dára débi pé ó ń bí mi nínú. Iyanrìn ni wọ́n ní, iyanrìn ni àwa náà ní. Wọ́n gbin igi sínú tiwọn, igi kọ̀ọ̀kan sì ní páìpù omi tirẹ̀. Mo rántí bí ẹ ṣe ń ru omi, mo dúró síbẹ̀, mo ń jowú igi. Ibi tí wọ́n ti ń dúró de bọ́ọ̀sì gan-an ní ẹ̀rọ amúlétutù. Àwa ńkọ́, tí ọ̀kadà dà nù sínú kòtò ní Mòwó pẹ̀lú ẹja tí à ń gbé lọ sí ọjà Agbálátà! Kí ni wọ́n ṣe tí àwa ò ṣe?

Nínú yàrá tí mo ń sùn, kò sẹ́ni tó gbọ́ Ègùn, kò sẹ́ni tó gbọ́ Yorùbá. Bí mo bá fẹsẹ̀ kọ, kò sẹ́ni tó máa sọ pé pẹ̀lẹ́.

Ibẹ̀ ni mo wà tí Mautin fi ohùn ránṣẹ́ sórí fóònù mi pé Bàbá ti ní kí òun máa jókòó níwájú ọkọ̀ ìpẹja wọn, pé ọkọ̀ náà á di tòun tó bá yá. Ó tún ń rẹ́rìn-ín. Ó ní èmi ti di ará Dùbáì, kí ni mo fẹ́ fi ọkọ̀ igi ṣe. Mi ò lè jẹun lọ́jọ́ náà. Ta ni àkọ́bí? Àtìgbà tí mo ti gbọ́njú ni ìjókòó yẹn ti jẹ́ tèmi.

Lọ́jọ́ ìsinmi mi, mo wọ ọkọ̀ igi tó ń gbé èrò sọdá omi àárín ìlú. Iwájú ni mo jókòó sí. Bí a ṣe fẹ́ gúnlẹ̀ báyìí, mi ò ronú, mo fò sómi láti di orí ọkọ̀ mú, bí mo ṣe máa ń ṣe nílé. Omi èbúté wọn jìn! Ó mù mí dé ọrùn. Àwọn èrò ń fi fóònù yà mí. Atukọ̀ náà, ará Bangladéṣì kan, fà mí jáde, ó ń bú mi pé okùn ni wọ́n fi ń so ọkọ̀ níbí, kí èrò jókòó jẹ́ẹ́. Ó bi mí ohun tí mo ń wá nínú omi. Mo ní bàbá mi ni mo fẹ́ ràn lọ́wọ́ kí wọ́n lè sọ̀ kalẹ̀. Ó na aṣọ ìnura sí mi.

Mautin, gbọ́. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ ibí yìí. Orúnkún òsì Bàbá kì í gbé wọn mọ́ tí wọ́n bá ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Wọn ò ní sọ fún ọ. Wọn ò sọ fún èmi náà rí. Ṣe ni mo máa ń fò sílẹ̀, màá kẹ̀yìn sí wọn bí ẹni ń tún àwọ̀n ṣe, títí wọ́n á fi gbé ọwọ́ lé mi léjìká. Má sáré gbé ẹja lọ. Má wẹ̀yìn. Dúró sínú omi. Mo kọ́kọ́ fẹ́ fi èyí pamọ́ fún ọ, kí wọ́n lè máa wá mi. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ṣubú ńkọ́?

Ọlọ́run á dá ẹ̀mí yín sí, Ìyá mi. Ẹ ò ní fi ojú sunkún wa. Ẹ bá mi kí tọmọdé tàgbà. Bí wọ́n bá ń ti odò bọ̀, ẹ lọ dúró ní èbúté kí ẹ wò wọ́n. Bí ẹ bá rí ọwọ́ Bàbá léjìká Mautin, ẹ dúpẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má sọ fún mi.

Èmi ni, ọmọ yín,
Sẹ̀wànú