Síídì Tí Ẹ Fi Ohùn Yín Sí

Àbíján, 1999

Màámi,

Ẹ kú ilé o. Síídì tí Ṣàkírù àbúrò mi fi kọ̀ǹpútà ṣe ti dé, èyí tí ẹ ti ké oríkì fún Sìdíkàt ọmọ mi. Ẹ̀rọ DVD tuntun tí mo rà, tí a fi ń wo fíìmù, ló kọ̀ ọ́: ó yí i títí, ó ní òun ò rí nǹkan kan. Ẹni tó tà á fún mi sọ pé ẹ̀rọ síídì àtijọ́ ló máa ń mọ èyí tí a bá fi kọ̀ǹpútà ṣe nílé.

Ẹ má jẹ́ kó dùn yín. Mo ké ìwọ̀nba tí mo rántí fún un fúnra mi. Ó ń wò mí lẹ́nu bí ẹni tó ń wo tẹlifíṣàn tí kò lóhùn, ó sì pàtẹ́wọ́. Ọmọ náà gbọ́n o! Faransé rẹ̀ dùn ju ti tíṣà wọn lọ.

Ẹ bá mi kí wọn nílé ní Máṣífà. Sìdíkàt ní àárò yín ń sọ òun. Faransé ló fi sọ ọ́; èmi Mùtàlíbù ọmọ yín ni mo sọ ọ́ di Yorùbá.