Rọ́bà Tí Mo Gé sí Síkẹ́ẹ̀tì

Ọmọ mi àtàtà,

Ẹ̀rù ń bà mí pé bó o bá ka lẹ́tà yìí tán, o lè má pè mí ní ìyá mọ́. Ọmọbìnrin tó gbá ọ lórúnkún lórí pápá, ó ṣèèṣì ni. Èmi, mo mọ̀ọ́mọ̀ ni.

Áà, mi ò tíì kí ọ. Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé, ṣé ò ń sùn dáadáa? Ara tèmi le, bàbá rẹ náà ń jẹun, ó sì ń ráhùn bí ìṣe rẹ̀.

Lẹ́tà rẹ dé lọ́jọ́ Ajé. O ní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù iléeṣẹ́ yín ń pè ọ́, ṣùgbọ́n wàá kọ̀ fún wọn níparí oṣù, torí ẹsẹ̀ rẹ ti kú. Ọ̀rọ̀ yẹn ni ò jẹ́ kí n lè jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ mi.

Ṣé o rántí rọ́bà gígùn tí wọ́n fún ọ ní ọsibítù lẹ́yìn tí orúnkún rẹ ṣèṣe, tó ò ń fi fa ẹsẹ̀ láràárọ̀? Bó o ṣe ń fà á lò ń kérora, èmi ń gbọ́ ọ láti ìdí ẹ̀rọ. Ara mi ò gbà á kó o máa jẹ̀rora. Lọ́jọ́ kan tó o wà ní balùwẹ̀, mo mú un, mo gé e sí mẹ́fà, mo rán an sí ìbàdí síkẹ́ẹ̀tì àwọn ọmọ iléèwé. Nígbà tó o wá a tì, mo bá ọ wá a. Mo tiẹ̀ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Oúnjẹ ni mo wá ń kó tì ọ́ láti fi tù ọ́ nínú. Ní ọsibítù, wọ́n ní kí n máa fún ọ ní ẹyin, ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́. Ìrẹsì ni mo ń bù bí òkè, pẹ̀lú búrẹ́dì àti tíì tí súgà kún inú rẹ̀. Bàbá rẹ ní, "Ìyá ọmọ, ṣé kó gbá bọ́ọ̀lù lo fẹ́ ni, àbí kó di bọ́ọ̀lù?" Mo ní kó fi mí sílẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méje, kóòṣì ẹgbẹ́ rẹ ìgbà náà ní kó o sáré yí pápá ká. O ò dé ìdajì. O sunkún délé, mo ní, "Gba kádàrá, ọmọ mi." Àlùmọ́gàjí ọwọ́ mi ni mo ń pè ní kádàrá!

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, èjìká tó ń dùn mí gbé mi dé ọ̀dọ̀ ọkùnrin tó kọ́ ọ ní ìdárayá ẹsẹ̀ ní ọsibítù. Ó ní, "Màmá, agbábọ́ọ̀lù wa ńkọ́?" Mo ṣàlàyé pé o ò gbá bọ́ọ̀lù mọ́. Ó mi orí: "Orúnkún yẹn ti jinná nígbà náà. Iṣan tí ò ṣiṣẹ́ ló rọ. Kó bẹ̀rẹ̀ ìdárayá náà díẹ̀díẹ̀, fún oṣù mẹ́ta, á padà." Mi ò lè jẹ́wọ́ fún un. Ìwọ ni mo jẹ́wọ́ fún.

Má kọ̀ fún wọn. Ní kí wọ́n dúró dè ọ́. Bó o bá fẹ́ bínú, èmi ni kó o bínú sí, má bínú sí ẹsẹ̀ rẹ mọ́.

Ọlọ́run á fún iṣan rẹ lókun. Ohun tí ọwọ́ mi bà jẹ́ ò ní kọjá àtúnṣe.

Èmi ni ìyá rẹ tó ṣẹ̀ ọ́.

Àfikún: Bàbá rẹ ò tíì gbọ́. Ìwọ ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́. Jọ̀ọ́, tètè kọ̀wé sí mi kí oṣù tó parí, ì báà jẹ́ ìlà kan, ì báà jẹ́ èébú.