Kì Í Ṣe Ewúro Ló Fìdí Rẹmi

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà níbi iṣẹ́ ewé tí o ń ṣe nígboro? Aràn tí ẹ ń pa nínú ìgò kò ní pa yín. Bàbá yín ń kí ọ. Ewúrẹ́ wa náà ìbá kí ọ bí ó bá lè sọ̀rọ̀, o ó sì rí ìdí rẹ̀ níwájú.

Mo rí ohun tí o kọ sórí fóònù, pé ewúro ìdí kànga wa kò pa aràn kan ṣoṣo nínú àyẹ̀wò yín, àti pé bó bá di ọjọ́ Ẹtì, ọ̀gá yín yóò yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú àwọn ewé tí ẹ ń yẹ̀ wò. O ní ojú ń tì ọ́, torí ìwọ lo fọwọ́ sọ̀yà pé òun ni mo fi tọ́ yín dàgbà. Má sunkún. Ó ku ohun kan tí n kò sọ fún ọ.

Nígbà tí o ní kí n já ewúro wá, mo ro ti àwọn ọ̀gá yín aláṣọ funfun, pé bí wọ́n bá tọ́ ọ wò tó korò, wọn yóò máa bèèrè irú ilé tí o ti wá. Ni mo bá fi iyọ̀ fọ̀ ọ́, mo bọ̀ ọ́, mo fún omi rẹ̀ kúrò lẹ́ẹ̀meje títí kò fi korò mọ́, kí n tó sá a gbẹ. Níbi tí fọ́ọ̀mù yín ti ní kí n sọ bí ewé náà ṣe wà, mo kọ ọ́ pé ó mọ́ tónítóní, kò sì ní yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. N kò mọ̀ pé aràn wà lára àwọn ẹnikẹ́ni náà.

Omi kíkorò yẹn, n kò dà á nù, mo gbé e fún ewúrẹ́ wa tí ikùn rẹ̀ wú, tí kò jẹun dáadáa fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ọjọ́ kẹta ni aràn ń jáde lára rẹ̀ bí okùn bàtà, ọjọ́ kẹrin ló jẹ ṣòkòtò tí bàbá yín fi ń ròde, lórí okùn tí mo sá a sí. Mo kó aràn mẹ́ta sínú ìgò, ó wà ní igun àpò tí mo fi lẹ́tà yìí sí. Bí ọ̀gá rẹ bá ń jiyàn, kó bi wọ́n.

Ní ti àyẹ̀wò yín kejì, èyí tí o ní ẹ fi ń wá ewé tí kì í jẹ́ kí ara dógùn-ún bí irin, èmi náà yẹ̀ ẹ́ wò: mo fi ewúro náà pa àdá bàbá yín àti orúnkún wọn. Àdá ṣì dógùn-ún, ṣùgbọ́n orúnkún kò ké mọ́, ẹ fún un ní ìdajì máàkì. Ẹ̀rọ tí ẹ fi ń sọ aràn kékeré di ńlá ni n kò fara mọ́. Ta ní ń bọ́ ọ̀tá kó sanra kó tó bá a jà?

Omi ló dànù, agbè ò fọ́. Ewúro mìíràn nìyí nínú àpò náà, n kò fọ̀ ọ́, erùpẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Kó tó di ọjọ́ Ẹtì, sọ fún ọ̀gá rẹ pé ewé kò jẹ̀bi, ìwọ náà kò jẹ̀bi, ìyá rẹ ni. Má bò mí. Kí o sì fi owó ṣòkòtò ránṣẹ́, bàbá yín kò rí nǹkan wọ jáde.

Níbi tí wọ́n ti ń yọ orúkọ ẹlòmíràn, tìrẹ ni wọn yóò máa kọ sí i. Ẹni tó fẹ́ràn rẹ kò ní fọ ohun tó wúlò lára rẹ dànù. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ, tí ìmọ́tótó rẹ̀ pọ̀ jù.