Aṣọ Tí Mo Rán fún Kọ̀ǹpútà Rẹ

Ọmọ mi àtàtà, Ayàwòrán mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le? Ṣé ò ń sùn, ṣé o sì ń jẹun tí kì í ṣe búrẹ́dì gbígbẹ nìkan? Kí lẹ́tà yìí bá ọ láyọ̀, kó bá ọ lórí ìjókòó ìrọ̀rùn, kó má bá ọ lẹ́nu ẹkún. Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ẹyẹ tí kò ní kọ́kọ́rọ́ ilé á máa bá wa ṣọ́ ẹ. Ọ̀nà rẹ á là, ojú rẹ kò ní ṣú lẹ́nu iṣẹ́, àwọn tó ń gbéṣẹ́ fún ẹ kò ní rí ẹlòmíràn tó dà bíi tìẹ. Bàbá rẹ kí ẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn ò tíì bá èmi sọ̀rọ̀ láti ìjẹta, ọ̀rọ̀ náà sì kàn ẹ́, màá dé orí ẹ̀.

Kí n tó sọ nǹkan mìíràn, jẹ́ kí n tètè sọ èyí kí ọkàn rẹ lè balẹ̀ bíi tèmi: má ta kọ̀ǹpútà yẹn o! Má tà á, má tú u, má sì pe ọ̀gá rẹ àtijọ́ pé o fẹ́ padà sí ọ́fíìsì. Kò sí ohun tó ṣe kọ̀ǹpútà rẹ. Ohun tó ń pa á, èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi rán an. Fìdí mọ́lẹ̀ kóo gbọ́.

Ilé dáadáa ni. Atẹ́gùn ká páànù kan lórí ilé ìdáná, bàbá rẹ gun òkè wọ́n kàn án padà, ibi tí kò jò tẹ́lẹ̀ ló wá ń jò báyìí, ṣùgbọ́n a ń fi garawa gbe omi ẹ̀. Àbúrò mi, Àǹtí rẹ tó ń bá ẹ gbé níbẹ̀ yẹn, dé láyọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ti sanra, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi náà wà láàyè, ó kàn ń hanrun bí àgbàlagbà ni.

Ṣé o rántí ìgbà tóo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa àwọn ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà náà? Ojoojúmọ́ lo ń pè mí, ò ń ṣàlàyé, èmi náà ń ṣe hẹ̀n-hẹ́n lórí fóònù. O ní o ò fẹ́ èyí tí wọ́n ti tò sílẹ̀ tán, pé ti gbogbo ayé nìyẹn, iṣẹ́ tìẹ yàtọ̀, ò ń yàwòrán, ò ń mú kí àwòrán rìn, ò ń fi ohùn sí i, o sì fẹ́ kí gbogbo ẹ̀ wà ní ṣíṣí lẹ́ẹ̀kan náà láìsí pé ẹ̀rọ ń mí hẹlẹhẹlẹ. Inú mi dùn dé ọrùn. Mo ní ọmọ aránṣọ kúkú ni, báwo ni yóò ṣe máa wọ àránsílẹ̀? O ní ọpọlọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ jí pépé, mo ní kí ló dé tóo fi ń ra ọpọlọ, ṣé èyí tí mo bí mọ́ ẹ ti tán ni? O rẹ́rìn-ín títí. O ní mẹ́mọ̀rì lo ò ní ṣahun sí, pé bíi tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ ló rí, bó bá ṣe fẹ̀ tó ni iṣẹ́ tí èèyàn lè tẹ́ lé e lẹ́ẹ̀kan náà ṣe máa pọ̀ tó. Ìyẹn yé mi dáadáa, torí tábìlì tèmi kéré, bí mo bá tẹ́ ti oníbàárà kejì, ti ẹni àkọ́kọ́ á já sílẹ̀. O ní káàdì tó ń yàwòrán ló wọ́n jù nínú gbogbo wọn, mo ní ṣé kí n fi pẹ́ńsù ránṣẹ́ sí ẹ ni. Títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, mi ò mọ̀ bóyá nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló gé e lọ́jọ́ náà tàbí ìwọ lo pa fóònù.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ni ìgbà tóo fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́. Họ́wù! Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan, gíláàsì ni! Gbogbo inú ẹ̀ ló hàn síta gbangba, ìfun, ẹ̀dọ̀, okùn, fáànù, tí iná pupa àti iná aláwọ̀ ewé sì ń tàn yanran nínú ikùn rẹ̀ bí ẹni tó gbé iná mì. Mo fi han bàbá rẹ, wọ́n ní bóyá wọn ò tíì kàn án parí ni. Ó dùn mí o. Ohun tí ọmọ mi fi òógùn ara ẹ̀ ṣà jọ lọ́kọ̀ọ̀kan, òun ló wá dúró níhòòhò nínú yàrá, tí àlejò á wọlé tí á máa wo ìfun ẹ̀! Mo sọ fún ẹ pé màá rán nǹkan sí i, o rẹ́rìn-ín, o ní kí n má ṣèyọnu. Èmi tí mo bí ẹ, mo mọ̀ pé ẹni tó bá ní kí n má ṣèyọnu, ojú ló ń tì í láti ní kí n ṣe é.

Ni mo bá pe Àǹtí rẹ. Mo ní kó dúró kóo wọ ilé ìwẹ̀, kó fi téèpù wọ̀n ọ́n dáadáa. Ó wọn àyà, ó wọn ìbàdí, ó wọn gígùn, ó ní kò ní apá. Mo lọ ra aṣọ dúdú tó nípọn, mo fi aṣọ onírun tẹ́ inú ẹ̀ kí òtútù má bàa mú un, mo fi rọ́bà sí etí ìsàlẹ̀ kó lè fún un pinpin, kí eruku má rí ọ̀nà gbà wọlé. Ká má purọ́, aṣọ náà gún régé. Bó bá jẹ́ èèyàn ni kọ̀ǹpútà yẹn, ì bá ti rí ọkọ fẹ́. Mo wá kìlọ̀ fún Àǹtí rẹ pé kó má jẹ́ kóo rí i, torí ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, kò sí ohun tẹ́ẹ kì í jiyàn lé lórí. Mo ní bóo bá ti gbé iṣẹ́ lé kọ̀ǹpútà náà kó máa dá ṣe é lọ, tóo sì jáde lọ bá àwọn oníbàárà rẹ, kó wọ̀ ọ́ fún un, bó bá ti gbúròó kọ́kọ́rọ́ rẹ lẹ́nu ọ̀nà, kó bọ́ ọ kíá kó tì í sábẹ́ ìrọ̀rí. O mọ Àǹtí rẹ. Bí èèyàn bá rán an níṣẹ́, kì í fi falẹ̀.

Bóo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí pẹ̀lú ẹkún nìyẹn. O ní bóo bá wà nílé, kọ̀ǹpútà á máa ṣiṣẹ́ bí ẹṣin, àmọ́ bóo bá jáde pẹ́nrẹ́n, kóo tó dé, ó ti kú fin-ín, àwòrán tó ń bá ẹ so pọ̀ á ti dà nù. O rò pé ẹ̀yà tó ń pín iná fún un ni, o yọ ọ́, o ra òmíràn, ó tún kú. O wá kọjú ìjà sí ọ̀dọ́mọkùnrin tó bá ẹ to gbogbo ẹ̀ pọ̀, èyí tí mo ń pè ní Ẹnjinía Jẹ́jẹ́ nítorí bó ṣe máa ń rọra sọ̀rọ̀, o ní ẹ̀yà tó ti fẹ́ bàjẹ́ ló júwe fún ẹ, o ní kó má tẹ ẹnu ọ̀nà rẹ mọ́. Ọmọ ọlọ́mọ bẹ̀bẹ̀ títí. Lẹ́yìn náà lo sọ fún mi pé ó ti yé ẹ wàyí, pé kọ̀ǹpútà náà kì í fẹ́ kóo kúrò níwájú òun, bóo bá ti jókòó tì í kì í kú. Lo bá di ẹlẹ́wọ̀n. Iwájú ẹ̀ lo ti ń jẹun, iwájú ẹ̀ lo ti ń tòògbé. Mo ní wá sílé kí n rí ẹ, o ní bóo bá fi lè wá, iṣẹ́ tí ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé gbé fún ẹ kò ní parí, àwòrán tí wọ́n fẹ́ máa fi han àwọn ọmọ kí abẹ́rẹ́ má máa bà wọ́n lẹ́rù, iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí orúkọ tìẹ máa wà lórí ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó gún mi lọ́kàn jù ni ti ọjọ́ tóo sọ pé ó jọ pé o ò mọ nǹkan kan. O ní o fi ọwọ́ ara rẹ ṣa ohun tí kò bára mu, wàá ta gbogbo ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wàá padà sí ọ́fíìsì níbi tí ọ̀gá rẹ ti ń pe àwòrán rẹ ní eré ọmọdé. Ayàwòrán mi, mi ò lè jẹun lọ́jọ́ náà. Mo rán apá aṣọ tí ìyàwó olùkọ́ gbé fún mi mọ́ ọrùn ẹ̀. Mò ń bi ara mi pé ṣé orí ọmọ mi ni kò gba iṣẹ́ yìí ni, àbí èmi ni mi ò gbàdúrà tó.

Ó wá ku ọ̀nà tí Ọlọ́run gbà tú àṣírí. Nígbà tí Àǹtí rẹ dé, ó mú aṣọ kọ̀ǹpútà bọ̀ kí n bá a fọ̀ ọ́, ó ní ó ti ń rùn bí aṣọ tí áyọ́ọ̀nù fẹ́ jó. Ó ní ìgbàkígbà tóun bá bọ́ ọ, ó máa ń lọ́wọ́ọ́rọ́ bí ẹ̀yìn ọmọ tó ń sùn. Inú àwa méjèèjì dùn, a ní ó ń gbádùn ẹ̀ ni! Àṣẹ́kù aṣọ náà wà lọ́wọ́ mi, mo wá ní kí n má ṣe ojúsàájú, mo rán tiẹ̀ fún tẹlifíṣọ̀n onídìí ńlá tí bàbá rẹ fẹ́ràn jù mí lọ. Wọ́n ń wo bọ́ọ̀lù lọ́wọ́, mo rọra wọ̀ ọ́ fún un láti ẹ̀yìn, ojú nìkan ni mo ṣí sílẹ̀. Bọ́ọ̀lù ò tíì dé ìdajì tí nǹkan fi bẹ̀rẹ̀ sí í rùn, tẹlifíṣọ̀n ṣe pàù, ojú ẹ̀ sì ṣú. Bàbá rẹ fò dìde, wọ́n fọwọ́ kan ẹ̀yìn ẹ̀, wọ́n ké yéè! Wọ́n fa aṣọ náà ya láti òkè délẹ̀, wọ́n ní ta ló wọ ẹ̀wù òtútù fún ohun tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, pé ohun tó bá ń ṣiṣẹ́ ara ẹ̀ á máa gbóná ni, pé àwọn ihò tí mo rí lẹ́yìn ẹ̀ yẹn, imú ẹ̀ ni wọ́n, ibẹ̀ ló ti ń mí. Èmi wo Àǹtí rẹ, Àǹtí rẹ wò mí. Ó rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gba àga lábẹ́ ẹ̀.

Lójú ẹsẹ̀ ni mo pè ẹ́, mo ṣe bí ẹni tó kàn ń kí ẹ lásán, mo bi ẹ́ pé láti ìgbà tí Àǹtí rẹ ti rìnrìn àjò, ṣé kọ̀ǹpútà yẹn ti kú. O ní kò kú rárá, pé o ò kúkú kúrò níwájú ẹ̀. Mo ní ó dáa, mo pa fóònù. Ojú ń tì mí, ẹ̀rín ń pa mí, omi sì ń já bọ́ lójú mi. Hà, ara tù mí wọ̀ọ̀! Àṣé o mọ̀ ọ́n ṣà. Àṣé gbogbo ohun tóo ṣà ló bára mu, ọpọlọ ẹ̀, tábìlì ẹ̀, káàdì ẹ̀, fáànù ẹ̀, aṣọ ìyá rẹ nìkan ni kò bá wọn mu. Inú mi dùn pé èmi ni mo jẹ̀bi, ṣé ò ń gbọ́? Mi ò tíì jẹ̀bi kí inú mi dùn tó báyìí rí láyé mi. Àwọn àgbà ló sọ pé bí oore bá pọ̀ lápọ̀jù, ibi ní í dà, mo kàn rò pé oúnjẹ ni wọ́n ń bá wí ni.

Nítorí náà, bóo bá ka èyí tán, gbé iṣẹ́ lé kọ̀ǹpútà náà, kóo dìde, kóo wẹ̀, kóo jáde. Fi í sílẹ̀ níhòòhò bóo ṣe fẹ́ ẹ. Kọ́kọ́ lọ bẹ Ẹnjinía Jẹ́jẹ́, sọ fún un pé ìyá rẹ ló ni ẹ̀bi, àti pé mo bi í bóyá ó ní ìyàwó. Lẹ́yìn náà kóo wọkọ̀ wá sílé. Á máa bá iṣẹ́ lọ nígbà tóo bá wà níbí, kò nílò kóo máa ṣọ́ ọ. Ó ti pẹ́ jù tí mo ti fojú kàn ẹ́.

Nípa ti owó, o mọ̀ pé mi kì í ni ọmọ mi lára. Ṣùgbọ́n bí ilé ìwòsàn yẹn bá ti sanwó, jọ̀wọ́ fi díẹ̀ ránṣẹ́ ká fi tún tẹlifíṣọ̀n ṣe, torí ojú fèrèsé aládùúgbò ni bàbá rẹ ti ń wo bọ́ọ̀lù báyìí, wọn ò sì fẹ́ gba àga tí mo gbé lọ fún wọn. Bóo bá tún rí díẹ̀ lé e, kí n fi ra aṣọ tuntun san fún ìyàwó olùkọ́.

Ọlọ́run á fi òróró sọ́wọ́ rẹ. Àwòrán rẹ á rìn, á dé ibi tí ẹsẹ̀ tèmi ò lè dé. Ọmọ tí yóò rí i tí kò ní sunkún mọ́, àdúrà rẹ̀ á bá ẹ lọ. O kò ní padà sí ibi tí wọn ò ti mọ iyì rẹ. Àṣẹ.

Èmi ni ìyá rẹ, aránṣọ kọ̀ǹpútà tó ti fẹ̀yìn tì.

Ó kù díẹ̀: Àǹtí rẹ ló mú lẹ́tà yìí wá, abẹ́ ilẹ̀kùn ló ti tì í wọlé. Ó ní kọ́kọ́rọ́ tiẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní òun ò ní ṣílẹ̀kùn títí wàá fi kà á tán, ẹ̀rù rẹ ń bà á. Orí àtẹ̀gùn ló jókòó sí. Jọ̀wọ́, bóo bá ti rẹ́rìn-ín tán, jẹ́ kó wọlé.